Orílẹ̀ Òwu: Ibi Tí Ó Ti Ṣẹ̀ àti Bí Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Ṣe Fọ́n Ká

Bí ènìyàn bá wọ agboolé Yorùbá, tí ó sì kí àwọn àgbà tán, ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í kì í ṣe iṣẹ́ tí ó ń ṣe tàbí ìwé tí ó kà. Wọn yóò bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́? Kí ni orílẹ̀ yín?" Bí ó bá ti dáhùn, ìyá àgbà kan tí ó fẹ̀yìn ti ògiri lè bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí i rí láyé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ni a mọ oríkì orílẹ̀ wa ní ṣókí, a sì ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi wá pé kí ni orílẹ̀ gan-an, ẹnu wa a máa kólòlò. Àwọn kan a ní ìdílé ni. Àwọn kan a ní ìlú ni. Àwọn mìíràn a ní ẹ̀jẹ̀ ni. Mo fẹ́ fi orílẹ̀ Òwu ṣe àpẹẹrẹ nínú àròkọ yìí, nítorí pé ìtàn rẹ̀ gbòòrò, ó sì sún mọ́ ilé mi. Sekona ni mo ti wá, lójú ọ̀nà tí ó ti Ẹdẹ lọ sí Gbọ̀ngán, níbi tí ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ ti yà. Bí ènìyàn bá gba Gbọ̀ngán kọjá sí ìhà gúúsù, ilẹ̀ Òwu àtijọ́ ni yóò wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Orílẹ̀ ni ibi tí àwọn baba ńlá ènìyàn ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí ìlú kan bá tú, tí ó di ahoro, a tún ń pe ibi tí ó wà rí ní orílẹ̀. Ìtumọ̀ méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ẹni tí ìlú rẹ̀ kò tú kò fi bẹ́ẹ̀ nílò orílẹ̀. Ilé ni ó ní. Ìgbà tí ogun bá lé ènìyàn kúrò nílé tí ó di àlejò ní ìlú onílùú ni ó máa ń di dandan fún un láti máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Ibí kọ́ ni a ti wá o." Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn orílẹ̀ tí òkìkí wọn kàn jù, bíi ti Ìkòyí àti ti Ìrẹsà, jẹ́ ti àwọn ìlú tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún fọ́. Ti Òwu tilẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé orúkọ tí ìlú náà ń jẹ́ títí di òní ni Orílẹ̀-Òwu.

Ibo ni Òwu wá ti ṣẹ̀? Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé rẹ̀, èyí tí ó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí kò jáde títí di 1921, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ó ní ọmọ méje ni Ọ̀kànbí, ọmọ Odùduwà, bí. Obìnrin ni àkọ́bí, ó fẹ́ àwòrò kan, òun ni ó sì bí Olówu. Obìnrin ni ìkejì pẹ̀lú, òun ni ìyá Alákétu. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọkùnrin, títí tí ó fi kan Ọ̀rányàn tí ó kéré jù. Ní ọjọ́ kan ọmọ kékeré tí àkọ́bí yìí bí ń ṣeré lẹ́sẹ̀ ọba bàbá ìyá rẹ̀. Ó rí adé lórí bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé òun fẹ́ ẹ. Wọ́n gbé e lé e lórí kí ó lè dákẹ́, ó sì sùn lọ pẹ̀lú adé náà. Nígbà tí ó jí, tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, igbe ni ó tún mú bọ̀. Bàbá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún un. Báyìí ni Olówu ṣe di ọba aládé, ìdí sì nìyí tí a fi ń pe Olówu àkọ́kọ́ ní Asunkúngbadé.

Ẹ fiyè sí ohun kan nínú ìtàn yìí tí àwọn tí ń sọ ọ́ kì í sábà tẹnu mọ́: nípasẹ̀ obìnrin ni adé fi dé Òwu. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé ìran baba nìkan ni Yorùbá mọ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ bi Olówu. A óò padà sí orí ọ̀rọ̀ yìí.

Agbára Òwu nígbà ìwáṣẹ̀ kò kéré. Nínú ìwé Johnson kan náà a rí i pé Ọ̀yọ́ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Olówu ní ayé Àjàká, àti pé nígbà tí Ṣàngó gun orí oyè ni ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní èéfín tí ń rú jáde lẹ́nu àti nímú Ṣàngó ni ó lé àwọn ọmọ ogun Òwu sá. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ti èéfín gbọ́, kí ó gbà á. Ohun tí ó dá mi lójú nínú ìtàn náà ni pé àwọn Ọ̀yọ́ fúnra wọn kò gbàgbé pé ìgbà kan wà tí Òwu jẹ gàba lé wọn lórí, nítorí pé ènìyàn kì í dédé hùmọ̀ ìtàn tí ó fi ara rẹ̀ sí abẹ́ ẹlòmíràn. Òwu ti ṣí kúrò ní ibùdó ju ẹyọ kan lọ kí ó tó dé ibi tí ogun ti bá a. Ìwé tí Akin Mabogunje àti J. D. Omer-Cooper kọ lórí Òwu, tí ó jáde ní Ìbàdàn ní 1971, tọ ipasẹ̀ àwọn ibùdó wọ̀nyí dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti ibùgbé, èkejì sì jẹ́ òpìtàn, ó sì hàn nínú iṣẹ́ náà.

Ogun tí ó fọ́ Òwu ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé òun ni ó sọ Òwu tí í ṣe ìlú di Òwu tí í ṣe orílẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ọjà Àpòmù ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Ifẹ̀ ni Àpòmù wà, ṣùgbọ́n àwọn Ọ̀yọ́, àwọn Òwu, àwọn Ifẹ̀ àti àwọn Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń pàdé níbẹ̀. Lẹ́yìn ikú Aláàfin Abíọ́dún, nígbà tí agbára Ọ̀yọ́-Ilé ń rẹ̀ sílẹ̀, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í jí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó wá ná ọjà náà, wọ́n ń tà wọ́n fún àwọn oníṣòwò ẹrú tí ń kó wọn lọ sí etí òkun. Oníkòyí àti Tóyèjẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ sí Olówu pé kí ó bá àwọn fòpin sí i. Olówu gbà, ó sì fi ogun ṣe é: ó fọ́ àwọn ìlú tí wọ́n fi ẹ̀sùn náà kàn, Àpòmù pẹ̀lú wà nínú wọn. Inú bí Ifẹ̀, wọ́n gbé ogun ti Òwu, Òwu sì ṣẹ́gun wọn.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, bóyá Òwu ìbá ṣì wà ní ìdúró. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí ni ìjà mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Àpòmù kan náà, láàrin ará Òwu kan àti ará Ìjẹ̀bú kan, lórí ataare. Ọ̀rọ̀ iye ataare tí ó pé tàbí tí kò pé ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà, ìjà di ikú. Ataare! Ohun tí a ń jù sẹ́nu fi ṣe àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ataare tàn wá jẹ. Ohun tí ó wà nídìí ogun náà ni òwò ẹrú, àti ẹni tí yóò ní àṣẹ lórí ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun, nísinsìnyí tí Aláàfin kò lè dáàbò bo ọ̀nà mọ́.

Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú parapọ̀, wọ́n dó ti Òwu. Àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé wọn náà sì wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn Ìjẹ̀bú ní ìbọn, nítorí pé wọ́n ń bá àwọn òyìnbó etí òkun ṣòwò. Àwọn Òwu kò mọ ìbọn; agẹ̀dẹ̀ǹgbẹ̀ ni wọ́n ń lò, idà gígùn tí ó wúwo, èyí tí ènìyàn gbọdọ̀ sún mọ́ ọ̀tá kí ó tó lè fi ṣá a. Síbẹ̀ odi ìlú náà le, ọkàn àwọn ènìyàn rẹ̀ sì le jù ú lọ. Johnson ní bí ọdún márùn-ún ni wọ́n fi dó tì wọ́n. Ìyàn ni ó ṣẹ́gun wọn níkẹyìn. Wọ́n jẹ oúnjẹ tán, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pòpòǹdó, ẹ̀wà ńláńlá tí ẹnikẹ́ni kì í fi ṣe oúnjẹ gidi nígbà náà, àwọn tí ó dó tì wọ́n sì ń kọrin fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀. Ìlú Ìkìjà ti Ẹ̀gbá tí ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú kò bọ́ níbẹ̀. Wọ́n fọ́ òun náà. Olówu Akínjọbí jáde lọ sí Ẹ̀rùnmu, ìlú sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ní nǹkan bí 1822.

Àwọn aṣẹ́gun kò dúró sí fífọ́ ìlú nìkan. Wọ́n fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ilé sí ibẹ̀ mọ́. Ènìyàn lè dáko níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ìlú. Òfin náà kò sì jẹ́ ti ẹnu lásán: ní 1873, ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ogun náà, ọlọ́rọ̀ kan láti Modákẹ́kẹ́ kọ́ ilé oko tí ó dúró dáadáa sí orí ilẹ̀ Òwu. Wọ́n ní kí wọ́n wó o, wọ́n sì gba owó ìtanràn ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kí òfin yìí tó di ohun ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n lónìí Orílẹ̀-Òwu ti tún di ìlú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédáadé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó sì ní Olówu tirẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń rin agbègbè náà yóò gbọ́ nípa igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Àgó-Òwu.

Nísinsìnyí, ibo ni àwọn ènìyàn náà lọ? Ọ̀nà wọn pọ̀. Àwọn kan tẹ̀lé ọba wọn lọ sí Ẹ̀rùnmu, ṣùgbọ́n ogun tún bá wọn níbẹ̀. Àwọn kan dúró sí Ògbẹ́rẹ́ nítòsí Ìbàdàn. Nígbà tí ogun tí ó fọ́ Òwu wá kọjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn Ẹ̀gbá sá lọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830, àwọn Òwu kò bá wọn lọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ní 1834 ni Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n sí Abẹ́òkúta. Ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ìlú tí ọ̀tá yí ká nílò akọni, àwọn Òwu sì ti fi ara wọn hàn bí akọni. Láti ìgbà náà ni Òwu ti di ọ̀kan nínú ẹ̀ka mẹ́rin Abẹ́òkúta, pẹ̀lú Aké, Òkè-Ọnà àti Gbágùúrá. Ní 1855 ni wọ́n tó fi ọba jẹ níbẹ̀, Olówu Pàwú. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọmọ Òwu Abẹ́òkúta ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tí ó ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí láti 1976 sí 1979 àti láti 1999 sí 2007. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ Òwu lónìí, Abẹ́òkúta ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ. Àwa tí a wà ní ìhà Ẹdẹ àti Gbọ̀ngán a máa rẹ́rìn-ín sí i, nítorí pé ilẹ̀ náà gan-an wà lẹ́yìn ilé wa.

Abẹ́òkúta nìkan kọ́. Òwu wà ní Ìjẹ̀bú, láàrin àwọn tí àwọn baba wọn bá Òwu jà. Òwu-Ìsin wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn kan wà ní agboolé kọ̀ọ̀kan káàkiri Ìbàdàn, Ìwó, Ẹdẹ àti àwọn abúlé tí kò lóǹkà, tí kì í ṣe Òwu ni orúkọ ibi tí wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n tí a ń fi oríkì Òwu kì wọ́n. Àwọn mìíràn kò sì ríbi sá sí. Ogun Òwu wà lára àwọn ogun tí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Yorùbá di ẹrú tí wọ́n kó sọdá òkun lọ sí Brazil àti Cuba. Àwọn tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ni wọ́n kó lọ sí Sàró, níbi tí wọ́n ti ń pe gbogbo ọmọ Yorùbá ní Akú, ìbáà ṣe ọmọ Òwu, ìbáà ṣe ọmọ Ifẹ̀ tí ó dó tì í. Òkun ti wẹ ọ̀rọ̀ orílẹ̀ dànù níbẹ̀.

Ìrora ogun yìí kò tíì kúrò nínú iṣẹ́ ọnà wa. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan mú eré àtijọ́ ti Euripides ará Gíríìsì, èyí tí ó sọ nípa àwọn obìnrin ìlú Troy lẹ́yìn ìṣubú ìlú wọn, ó sọ ọ́ di ti àwọn obìnrin Òwu. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní orí ìtàgé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, ó sì di ìwé ní 2006. Àǹlúgbùá, òrìṣà tí í ṣe baba ńlá Òwu, wà nínú rẹ̀. Mo rọ ẹni tí kò tíì kà á pé kí ó wá a rí, pàápàá nítorí pé àwọn obìnrin ni ó fi síwájú. Ọ̀pọ̀ òpìtàn wa kì í rí wọn nígbà tí ogun bá tán.

Ibi tí mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rèé. Bí a bá wo ìtàn yìí, ta ni ọmọ Òwu? Òwu jẹ́ ìlú ńlá. Ọba wà níbẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wà níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, babaláwo wà níbẹ̀, àlejò tí ó wá ṣòwò wà níbẹ̀, ẹrú àti ìwọ̀fà wà níbẹ̀. Nígbà tí ìlú fọ́, gbogbo wọn ni wọ́n di ọmọ Òwu níbikíbi tí wọ́n bá dé, nítorí pé Òwu ni ìlú wọn. Bí oníkálukú bá ti ń dó sí ibùdó tuntun, oríkì kan náà ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Nítorí náà, ohun tí oríkì orílẹ̀ ń sọ ni pé ìlú kan náà ni àwọn baba wa ti wá. Kò sọ pé baba kan náà ni ó bí wa.

Ìdílé yàtọ̀ sí èyí. P. C. Lloyd, àti W. B. Schwab tí ó ṣe ìwádìí ní Òṣogbo, kọ nípa ìdílé Yorùbá nínú ìwé àtìgbàdégbà Africa ní 1955. Ìdílé ní agboolé, ó ní baálé, ó ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti gbogbo ẹbí, ó lè ní oyè, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń ṣe ìpàdé. Orílẹ̀ kò ní baálé. Kò ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pín. Ẹnikẹ́ni kì í pe ìpàdé gbogbo ọmọ Òpómúléró jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá láti pín ogún. Karin Barber, tí ó bá àwọn ará Òkukù gbé, tí ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ṣàlàyé èyí dáadáa nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1991: ìlú ìṣẹ̀dálẹ̀ ni orílẹ̀ ń tọ́ka sí, ilé ni àwọn ènìyàn ń gbé ayé wọn nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti kó àwọn oríkì wọ̀nyí jọ fún wa nínú ìwé Àwọn Oríkì Orílẹ̀ ní 1967, gbogbo wa ni a sì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kà á lónìí máa ń kà á bí ẹni pé ìwé ìran ni.

Àwọn kan lè bi mí pé kí ni ó kàn wá nínú gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí a wo òkè òkun díẹ̀. Ní àríwá Íńdíà àti ní Pakistan, àwọn ènìyàn kan wà tí à ń pè ní Jat, àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n pín sí ìran púpọ̀, bíi Sidhu, Gill àti Sandhu, ìran kọ̀ọ̀kan sì tàn ká abúlé tí kò lóǹkà. Bí àwa ti ní akígbe àti onílù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Jat ilẹ̀ Punjab ní àwọn Mirasi tí ń ka ìran oníkálukú sókè níbi ayẹyẹ. Àwọn Sidhu a máa ní láti ọ̀dọ̀ Jaisal, ọba tí ó tẹ ìlú Jaisalmer dó, ni àwọn ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ ti ìran kan kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹni tí ó jẹ́ ti ìran náà, ìbáà ṣe ọgbọ̀n baba ni ó wà láàrin wọn. Òfin ìjọba Íńdíà kò ka èyí léèwọ̀, ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Haryana ní 2007, wọ́n pa ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ra nínú ìran kan náà. Àwọn ẹbí ọmọbìnrin náà ni wọ́n pa wọ́n. Ilé ẹjọ́ ìlú Karnal dá ẹjọ́ ikú fún márùn-ún nínú wọn ní 2010.

Ọ̀rọ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀ láàrin wa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó wà. Ní Sekona, agboolé méjì wà tí a ń fi oríkì Òwu kì. N kò ní dárúkọ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti inú ọ̀kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti inú èkejì fẹ́ràn ara wọn, olùkọ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì ti mọ ara wọn tó ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dé iwájú àwọn àgbà, bàbá kan ní kò lè ṣeé ṣe, pé ọmọ Òwu kì í fẹ́ ọmọ Òwu, ẹ̀jẹ̀ kan ni. Ìyẹn ni ó gbé mi dé ìdí ìwádìí yìí. Nígbà ìsinmi wa tó kọjá, mo lọ sí agboolé méjèèjì. Mo fi oríkì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè àwọn nǹkan mìíràn.

Èèwọ̀ wọn kò jọ ara wọn. Òrìṣà tí àwọn baba wọn ń bọ kí wọ́n tó gba ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ àti Mùsùlùmí kò jọ ara wọn. Ilà ojú àwọn àgbà tí ó kù tí wọ́n kọlà yàtọ̀: àwọn kan ní kẹ́kẹ́, àwọn kejì ní pélé. (Ilà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sì ti ka á léèwọ̀ láti kọ ọ́ fún ọmọ, nítorí náà ìran tí ń bọ̀ kò ní lè lo ẹ̀rí yìí mọ́.) Wọn kò pín ogún pọ̀ rí. Wọn kì í sin òkú sí ilẹ̀ ara wọn. Bàbá àgbà agboolé àkọ́kọ́ sọ fún mi pé láti Òwu ni baba baba ńlá àwọn ti sá wá sí Ẹdẹ nígbà ogun, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wá dáko sí ìhà Sekona. Ti agboolé kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ní ọdẹ ni baba àwọn, ará Ẹdẹ ni, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún mi bí ará Ẹdẹ ṣe di ọmọ Òwu.

Ìyàwó ilé kan ni ó tú u fún mi, ìyá arúgbó tí wọ́n ti gbé wọ ilé náà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn ìyàwó ilé ni wọ́n mọ oríkì ilé jù. Láti ilé mìíràn ni wọ́n ti wá, wọ́n ń kọ́ oríkì ọkọ wọn nítorí àtikí i, wọn kò sì gbàgbé ti ilé baba wọn. Ọmọ tí wọ́n bá bí, wọ́n a kì í ní ti baba, wọ́n a tún kì í ní ti ìyá. Ìyá náà sọ pé ọdẹ yẹn kú nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń fà, pé ìyàwó rẹ̀ tí ó wá láti ìhà Ògbẹ́rẹ́ ni ó tọ́ ọmọ náà, tirẹ̀ ni ó sì fi ń kì í títí ó fi dàgbà. Ti baba fi bẹ́ẹ̀ parẹ́. Gbogbo àwọn tí ó jáde láti ara ọmọ yìí ni wọ́n di ọmọ Òwu, nípasẹ̀ ìyá, gẹ́gẹ́ bí adé Òwu fúnra rẹ̀ ti wá nípasẹ̀ ìyá.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú bàbá tí ó kọ̀, mo rò pé mo ti borí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwé tí o kà dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni?" Òótọ́ ni ó sọ. Yorùbá kò fàyè gba kí ènìyàn fẹ́ ìbátan rẹ̀ níhà baba tàbí níhà ìyá, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti mọ ìbátan náà. Ìbéèrè wá yí padà. Kì í ṣe pé ṣé ọmọ Òwu ni àwọn méjèèjì mọ́. Ó di pé ṣé obìnrin tí ó ti ìhà Ògbẹ́rẹ́ wá yẹn àti ọkùnrin tí ó sá wá sí Ẹdẹ bá ara wọn tan. Ìlú kan náà ni wọ́n ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé ìlú nìkan ni, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, nítorí pé bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí Òwu ṣì wà ní ìdúró, ta ni ará Òwu ìbá máa fẹ́? Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí ìyẹn.

Ní ìgbà tí mo ń kọ àròkọ yìí, àwọn àgbà agboolé méjèèjì ti gbà láti jókòó pọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ohun tí wọ́n ní kí oníkálukú mú wá kì í ṣe oríkì. Orúkọ àwọn òkú wọn ni, níhà baba àti níhà ìyá, títí dé ìran karùn-ún, wọ́n sì ti ní kí n bá wọn mú ìwé àti gègé dání.